Òwú Pupa Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ mọ́ nílé iṣẹ́ ìgò náà. Bàbá Fáìlì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin kì í kúrò lápò rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà nídìí tábìlì iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ibi tó máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé lára pákó tábìlì náà ti jìn bí inú ṣíbí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ mu, tó ń fún un pọ̀, tó sì ń tì í lọ síbi tí wọ́n ti ń fi í fẹ́ ìgò tó ṣì gbóná. Kẹ̀kẹ́ onírin kan wà nínú ẹ̀rọ náà. Bí kẹ̀kẹ́ yìí bá ti ń yí, á máa gba afẹ́fẹ́ láti ẹnu ẹ̀rọ, á máa jù ú síta yíká. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré àsápajúdé bẹ́ẹ̀ kò lè fẹ́ ìgò. Ó ní láti kọ́kọ́ rọra, kí eré rẹ̀ di agbára. Òrùka kan ló ń mú un rọra. Òrùka náà yí kẹ̀kẹ́ ká, ṣùgbọ́n òun kì í yí. Abẹ́ mọ́kàndínlógún ló wà lára rẹ̀, gbogbo wọn dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àlàfo àárín wọn kéré nínú, ó sì ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ síta. Bí afẹ́fẹ́ bá gba àárín wọn wẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á máa kùn bí oyin. Bí kò bá ríbi gbà, á padà sẹ́yìn, ẹ̀rọ á sì wúkọ́: hùn-ùn-ùn, gbì! Ilẹ̀ á mì, ìgò á wọ́.

Bàbá Fáìlì ló ń fi ọwọ́ ṣe òrùka yìí. Á ha abẹ́ kọ̀ọ̀kan, á wọ̀n ọ́n, á tún ha á. Ìdajì irun orí ni àṣìṣe tó gbà fún ara rẹ̀.

Òfin kan wà nínú yàrá ẹ̀rọ. Wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. Láti ìlà náà lọ sí ibi kẹ̀kẹ́ àti òrùka, ti àwọn onírin ni. Láti ìlà náà lọ sí ẹnu tí ẹ̀rọ fi ń gba afẹ́fẹ́, ti àwọn onípáìpù ni. Ẹnikẹ́ni kì í ré e kọjá. Ìjà kan ló bí òfin yìí láyé àtijọ́. Àwọn tó jà ti fẹ̀yìn tì, òfin kò fẹ̀yìn tì.

Nílé, aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nílé ara wọn, síbẹ̀ Ìyá wọn ló ń pe obìnrin náà, Bàbá wọn ni obìnrin náà ń pè é. Ojú ìyá ti ń ṣú láti bí ọdún mẹ́fà. Ó lè ríran rán aṣọ, àmọ́ kò lè rí ihò abẹ́rẹ́. Nítorí náà, láràárọ̀, kí ọkọ rẹ̀ tó lọ síbi iṣẹ́, á fi òwú sí abẹ́rẹ́ mẹ́wàá fún un, á tò wọ́n sára ìrọ̀rí kékeré kan. Nírọ̀lẹ́, á ṣa àwọn òwú tó lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe rèé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kúrò nílé àtijọ́ tí òjò ń jò sí, wọ́n gbé e lọ sí yàrá tuntun. Ìlà funfun ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kùn síbẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi òrùka tuntun tí Bàbá Fáìlì ṣe sínú rẹ̀, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ti gbó. Ọjọ́ kan náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ọwọ́ fáàfù kan wà tí wọ́n fi ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí iṣẹ́ kò bá pọ̀. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, láti mẹ́wàá wá sí ọ̀kan. Nílé àtijọ́, wọ́n lè yí i dé mẹ́ta, ẹ̀rọ kò ní sọ nǹkan kan. Ní yàrá tuntun, bó bá ti dé mẹ́fà, ikọ́ dé.

Ibo ni ikọ́ náà ti ń dún? Níbi òrùka. Ta ló ṣe òrùka? Bàbá Fáìlì. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó ṣe òrùka kejì. Ẹ̀rọ wúkọ́. Ọ̀gá ẹ̀rọ bá ránṣẹ́ pè é. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni ọ̀gá yìí, ọmọlúàbí sì ni.

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Ìdúró dára fún mi, Ọ̀gá."

"Ẹ má bínú. Àwọn tó wà lókè ní kí n ránṣẹ́ ra òrùka láti ibi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ yìí. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń gé tiwọn, kì í ṣe ọwọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n gbà kí ẹ ṣe ẹyọ kan sí i. Bí ẹ̀kẹta bá tún wúkọ́..."

Kò parí rẹ̀.

"Ibo ni wọ́n máa wá gbé mi sí?"

"Sítọ́ọ̀. Ẹ óò máa fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbọ̀wọ́. Iṣẹ́ ìjókòó ni, ara yín á sinmi."

"Ṣé mo ti ní ó ń rẹ̀ mí ni?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀.

Kì í ṣe sítọ́ọ̀ gan-an ló ń ba Bàbá Fáìlì lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá lẹ́yìnkùlé, tí omi inú ife ń mì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìdajì irun orí jẹ́ àṣìṣe lójú rẹ̀, kí ni yóò pe èyí? Nígbà tí òrùka kejì wúkọ́, ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọwọ́ mi ló ń wúkọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń wọ bàtà, ìyàwó rẹ̀ fi ìka ka ara ìrọ̀rí.

"Bàbá wọn, abẹ́rẹ́ méje ni mo bá lónìí."

"Mẹ́ta tó kù yẹn, ihò wọn ti kéré jù."

"Ihò wọn kéré. Ṣé wọ́n sún kì ni, àbí àwa la sanra?"

Ọkọ rẹ̀ wọ bàtà kejì. Obìnrin náà fi ìrọ̀rí sílẹ̀. Ó kàn sún mọ́ ọn, ó bá a de bọ́tìnì ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí ọkọ rẹ̀ ti ń dè fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Ọkùnrin náà wo orí ìyàwó rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ síwájú, ó rí òwú funfun kan nínú irun rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, irun ni.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣe òrùka kẹta. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ wá wòran. Onípáìpù àgbà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, dúró sí ẹ̀yìn ìlà tirẹ̀, ó káwọ́ lẹ́rán.

"Fáìlì! Ẹ̀kẹta rèé o. Òrùka mẹ́ta fún ìyàwó kan ṣoṣo! Ṣé kò tíì gbà láti fẹ́ ọ ni?"

"Bi ẹni tó ń fún un lóúnjẹ."

"Èmi? Àwọ̀n tí mo fi bo ẹnu ẹ̀rọ mọ́ tónítóní. Ìdọ̀tí kan kò sí níbẹ̀. Ẹnu tèmi dára, ikùn tìrẹ ni kí o tọ́jú."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yí fáàfù. Mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ. Méje. Ẹ̀rọ ń kùn. Mẹ́fà.

Hùn-ùn-ùn, gbì!

Kò sẹ́ni tó wo ojú Bàbá Fáìlì. Onípáìpù pàápàá yí orí sápá kan. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ọ̀gá ní kó fara balẹ̀, kó kó ẹrù orí tábìlì rẹ̀ kúrò tó bá di ọjọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, òun nìkan lọ sí yàrá ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lórí nọ́ńbà mẹ́sàn-án, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Ó dúró létí ìlà bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Ó ń wò ó. Ìgbà náà ló rí òwú pupa kan lára apá ẹ̀wù rẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ni ìyàwó rẹ̀ ń rán lọ́sẹ̀ yẹn, òwú pupa ló sì ń lò. Ó fi ìka méjì yọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, òwú bọ́. Kò balẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbà á, ó gbé e kọjá lórí ìlà, ó gbé e dé ẹnu ẹ̀rọ. Kókó tó wà lórí òwú náà há sí ojú àwọ̀n.

Bàbá Fáìlì rò pé yóò na tààrà sínú, bí ìka tó ń júwe ọ̀nà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń pòòyì. Ó ń yí kiri bí ọwọ́ aago tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà mìíràn á dáwọ́ dúró, á sọ̀rètí nù, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ó wo òwú náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ògiri. Ògiri yàrá tuntun kò jìnnà sí ẹnu ẹ̀rọ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin lọ. Nílé àtijọ́, páìpù ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ló ń gbé afẹ́fẹ́ wá láti ìta, gbọọrọ, láìtẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó wá síbí, àyè kò sí, wọ́n bá yọ páìpù náà kúrò, wọ́n dojú ẹnu ẹ̀rọ kọ ògiri. Gbogbo èèyàn ló rí i. Òun náà rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlà ni, kò sì sí lára iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wọn abẹ́ mọ́kàndínlógún. Kò wọn ẹsẹ̀ bàtà méjìlá lẹ́ẹ̀kan.

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ré ìlà náà kọjá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò ṣa òwú kúrò lára ìyàwó rẹ̀. Ó ń tọrọ sí i ni.

"Ìyá wọn, gé òwú pupa fún mi. Mẹ́rìnlélógún. Kí gígùn wọn tó ìka àárín."

"Ẹ fẹ́ máa bá mi du oníbàárà ni?"

"Ẹ̀rọ kan ni mo fẹ́ rán nǹkan fún."

"Abájọ tó fi ń wúkọ́. Òtútù ló ń mú un, ẹ ò tètè rántí aṣọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín pọ̀ gbẹ̀yìn. Obìnrin náà gé òwú mẹ́rìnlélógún. Ó ta kókó sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, ó fi bébà wé wọn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti fi òróró sí i. Ìgbà náà ni Bàbá Fáìlì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, ó ń so òwú. Ó ti so mẹ́rin nígbà tí Onípáìpù wọlé.

"Fáìlì! O ti ré ìlà o! Kí lò ń wá nílé onílé?"

"Mo ti ré e. Wá bá mi so èyí tó kù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Onípáìpù ti ya ẹnu láti fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó pa ẹnu náà dé. Ó wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo òwú, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

"Ó ti pẹ́?"

"Láti ìgbà òjò."

"O ò sì sọ fún mi."

"O máa ń pariwo jù."

"Òótọ́ ni," ni Onípáìpù wí. Ó so ogún tó kù láìsọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n lọ pe ọ̀gá. Òwú mẹ́sàn-án tó wà lókè ń pòòyì. Méje tó wà lápá ìsàlẹ̀ ń sùn, wọ́n ń jí. Mẹ́jọ péré ló na tààrà. Ọ̀gá ní kí wọ́n yí fáàfù sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dé mẹ́fà, gbogbo òwú dàrú, àwọn kan kọjú síta. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó wúkọ́. Òwú ti mọ̀ kí etí tó gbọ́.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi, Bàbá."

"Ọ̀gá, bí èèyàn bá ń pòòyì wọ ẹnu ọ̀nà, èjìká rẹ̀ á gbá òpó. Ṣé ẹ ó wá pààrọ̀ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta? Abẹ́ mi dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ tó wọlé ní tààrà máa gbà. Afẹ́fẹ́ yìí ti ń yí kó tó dé ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá jù ú, kì í dojú kọ àárín abẹ́, ẹ̀gbẹ́ abẹ́ ló ń forí gbá. Apá kan òrùka ń yó, apá kan ń pebi. Bí ẹ bá tún wá dín afẹ́fẹ́ kù, ó tán."

Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó fi ìka kan òwú tó wà ní ìpẹ̀kun. Nígbà tó dìde, Onípáìpù ló kọjú sí.

"Páìpù ẹsẹ̀ bàtà méjìlá yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìnkùlé, Ọ̀gá. Àwọn adìyẹ ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ ti sọ ọ́ di ilé."

"Ẹ kó adìyẹ jáde. Mo ń pe bíríkìlà kó wá dá ihò sí ògiri yìí."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ihò ti wà lára ògiri, páìpù sì ti gba inú rẹ̀ jáde gbọọrọ. Onípáìpù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n so òwú pupa mẹ́rìnlélógún sí ẹnu rẹ̀ níta. Ó ku kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Bàbá Fáìlì ló dá wọn dúró.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ òrùka kẹta kúrò. Ẹ bá mi gbé àkọ́kọ́ wá."

"Kí ló dé? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn wá pé òrùka kọ́ ló jẹ̀bi."

"Àkọ́kọ́ kò jẹ̀bi. Èkejì kò jẹ̀bi. Ẹ̀kẹta, abẹ́ kẹrìnlá rẹ̀ fi irun kan àti ààbọ̀ yẹ̀. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e fún yín. Ẹ̀rù ló bà mí, mi ò sọ."

Ká ní Bàbá Fáìlì dákẹ́ ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Páìpù ti tọ́, ẹ̀rọ ì bá kùn, tábìlì ì bá di tirẹ̀ padà. Ọ̀gá gbé kálípà, ó wọn abẹ́ kẹrìnlá nígbà tí wọ́n yọ òrùka. Irun kan àti ààbọ̀ ni.

Wọ́n fi òrùka àkọ́kọ́ sí i. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Níta, òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún fi orí lé ọ̀nà kan, wọ́n wọlé tààrà bí ọmọ ilé ìwé tó tò. Ọ̀gá yí fáàfù. Méje. Mẹ́fà. Ẹ̀rọ ń kùn. Márùn-ún. Mẹ́rin. Onípáìpù di etí rẹ̀ méjèèjì. Mẹ́ta.

Ẹ̀rọ ń kùn.

"Ṣé mo lè ṣí etí báyìí?" ni Onípáìpù béèrè. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, wọ́n ti ń pariwo.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ọ̀gá pe Bàbá Fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kó dá ẹrù rẹ̀ padà sórí tábìlì. Ó ní òun yóò kọ̀wé sí àwọn tó wà lókè.

"Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ wá ọwọ́ kan kún tèmi. Ojú mi ṣì pé. Èmi á máa wọ̀n, òun á máa ha."

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Irun kan àti ààbọ̀, Ọ̀gá."

Ó sọ ọ́ nílé náà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, gbogbo rẹ̀, láti ìgbà òjò títí dé abẹ́ kẹrìnlá. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ parí. Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi ni mò ń de bọ́tìnì." Lẹ́yìn náà ó bu oúnjẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó jókòó sójú fèrèsé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹ́wàá. Ó fi òwú sí mẹ́fà. Nígbà tó kan ìkeje, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Òwú gbá ẹ̀gbẹ́ ihò lọ́tùn-ún, ó gbá a lósì. Kò fi abẹ́rẹ́ náà pa mọ́ mọ́.

"Ìyá wọn. Wá."

Obìnrin náà fi aṣọ sílẹ̀. Ó jókòó tì í lórí àga kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga ẹnì kan ni. Kò rí ihò abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ kì í gbọ̀n. Ó di ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó dì í jẹ́jẹ́ bí ẹni di ẹyin.

"Ibo ni ká lọ?"

"Apá òsì díẹ̀. Ó tó. Máa bọ̀ níwájú."

"Báyìí?"

"Báyìí. Má mí."

Wọn kò mí. Òwú na, ó wọlé tààrà.

"Mẹ́ta ló kù," ni obìnrin náà wí, kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀.